Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Mi: Ṣé Òkun Ti Dé Ilé-Ifẹ̀ Rí?

Ìbéèrè nípa òkun ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí. Ohun méjì ló fà á: ìròyìn Ayétòrò, ìlú etíkun àwọn Ìlàjẹ tí òkun ń gbé ilé ibẹ̀ lọ, tí gbogbo wa ń gbọ́, àti ọ̀rọ̀ kúkúrú kan tí mo kọ síbí lóṣù tó kọjá, pé ìgbà kan wà tí ojú òkun fi ohun tó lé ní 100 mítà relẹ̀ ju bó ṣe wà lónìí. Àwọn kan ní kí n ṣàlàyé, àwọn kan ní irọ́ ni. Mo ti kó lẹ́tà wọn jọ, màá sì bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó sún mọ́ ilé jù. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi kọ́ jọ́gíráfì ní Iléṣà, kí n tó fẹ̀yìn tì wá sí Ifẹ̀, kò sí ẹ̀kọ́ tó máa ń wù mí láti kọ́ àwọn ọmọ ju èyí lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ̀ọ́mì. Bíríkìlà ni mí ní Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀. A ń gbẹ́ sọ́kàwéè fún oníbàárà kan. Nígbà tí ihò náà mu wá dé àyà, a bá owó ẹyọ mélòó kan níbẹ̀, pẹ̀lú ìkarahun funfun kan tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tó ni ilé ní ẹ̀rí rèé pé òkun ti wà ní Ifẹ̀ rí, ó ní ìdí nìyẹn tí ìtàn fi sọ pé omi ló bo gbogbo ilẹ̀ kí Odùduwà tó dé. Èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń jiyàn lé e lórí. Ẹ bá wa dá a.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣé gan-an tí ẹ kò dà wọ́n nù mọ́ iyẹ̀pẹ̀. Owó ẹyọ tí ẹ rí yẹn kì í ṣe ẹ̀dá òkun tiwa rárá. Òkun Íńdíà ni ẹran tó ni ìkarahun náà ń gbé. Erékùṣù Maldives ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú owó ẹyọ tí àwọn baba ńlá wa ná ti wá. Àwọn oníràkúnmí ló kọ́kọ́ ń kó o gba aṣálẹ̀ Sàhárà wá. Nígbà tó yá, ọkọ̀ àwọn Potogí àti ti àwọn òyìnbó tó tẹ̀ lé wọn ń já a sí etíkun wa, títí dé sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún tí irú kejì, èyí tó tóbi díẹ̀, tún ń ti Zanzibar wọlé. Ọwọ́ ènìyàn ló gbé e dé Ìlódè. Omi kọ́.

Ní ti ìkarahun funfun yẹn, ẹ wo ohun tó yí i ká nínú ihò. Bí ẹ bá rí èédú, àpáàdì tàbí eegun ẹran níbẹ̀, ààtàn tàbí ilé ẹnì kan ni ẹ gbẹ́ kàn. Bó bá sì jẹ́ àpáàdì tí wọ́n fara balẹ̀ tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lẹ ṣalábàápàdé, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀, kí ẹ lọ pe àwọn tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Enúwá. Ilẹ̀ tí àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ fi àpáàdì tẹ́ nìyẹn, a kò lè rí òmíràn rà lọ́jà.

Ìkarahun kan ṣoṣo kì í jẹ́rìí fún òkun. Bí òkun bá ti dúró síbì kan, ìkarahun tó máa fi sílẹ̀ á pọ̀ rẹpẹtẹ, á tẹ́ lọ salalu nínú iyanrìn tàbí ẹrẹ̀ òkun fúnra rẹ̀. Ẹ ó bá àwọn kan tí ìdérí wọn méjèèjì ṣì pa mọ́ra, bí ẹran inú wọn ṣe wà nígbà tó kú. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní ìtòsí Nouakchott ní Mauritania: omi òkun wọ ilẹ̀ wá síbẹ̀ ní nǹkan bí 5,500 ọdún sẹ́yìn, ìkarahun tó fi sílẹ̀ sì wà níbẹ̀ di òní, nínú ilẹ̀ gbígbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Saloum ní Senegal, ẹ ó tún bá òkìtì ńláńlá tó jẹ́ kìkì ìkarahun. Àwọn tó ń jẹ ẹran inú rẹ̀ láyé àtijọ́ ló dà á jọ bẹ́ẹ̀. UNESCO kọ ibẹ̀ mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2011. Etíkun kan náà ni àwọn ibi méjèèjì yìí wà, ìkarahun ló kún ibẹ̀ méjèèjì, síbẹ̀ ọ̀kan jẹ́ iṣẹ́ òkun, èkejì jẹ́ iṣẹ́ ènìyàn. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn á ka ìtàn òkun sódì.

Ẹ jẹ́ ká wo ti gíga. Ilé-Ifẹ̀ fi ohun tó lé ní 200 mítà ga ju ojú òkun lọ, Iléṣà tún ga jù ú lọ. Bí gbogbo yìnyín tó wà láyé lónìí, ti Greenland àti ti Antarctica, bá yọ́ pátá, nǹkan bí 65 sí 70 mítà ni òkun máa fi gòkè. Kò lè dé Òkè-Ìtasẹ̀. Òkúta tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa níbí náà kì í ṣe irú èyí tí òkun ń tẹ́ sílẹ̀. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni iná àti ìfúnpá ti sè é, ó sì ti dàgbà ju ẹ̀dá oníkarahun lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí òkun wọ ilẹ̀ Yorùbá dé, ẹ lọ sí Ewékorò, lọ́nà Abẹ́òkúta sí Èkó. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà níbẹ̀ jẹ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun tó ti di líle ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ìkarahun sì pọ̀ nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan fún mi ní ọ̀kan. Ó wà lórí tábìlì tí mo ti ń kọ̀wé yìí, gbogbo ilà ara ìkarahun náà ṣì hàn ketekete. Láti 1960 ni wọ́n ti ń fi òkúta ibẹ̀ ṣe sìmẹ́ǹtì, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ìsàlẹ̀ òkun wà nínú àpò sìmẹ́ǹtì tí ẹ já fún oníbàárà yín yẹn.

Ní ti ìtàn Odùduwà, n kì í gbé e lé òṣùwọ̀n òkúta. Ohun tó ń sọ jẹ́ nípa àṣẹ, nípa ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ dó àti bí ayé ṣe wá létò. Kò nílò ìkarahun inú sọ́kàwéè láti gbè é lẹ́yìn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ojúmọ́ mà. Mo wà ní SS2 ní Ìsọ̀kùn, Iléṣà. Ẹ kọ ọ́ pé òkun lọ sílẹ̀ ju 100 mítà lọ ní 20,000 ọdún sẹ́yìn. Ta ló wà níbẹ̀ tó wọ̀n ọ́n?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ìbéèrè tó yẹ kó o bi mí gan-an nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ka iye mítà fún ọ, bi í pé kí ló fi wọ̀n ọ́n.

A nílò ohun kan tó jẹ́ pé ibi tó sún mọ́ ojú omi nìkan ló ti lè gbé. A nílò ọ̀nà tí a fi lè mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ilẹ̀ tó hù lé lórí ti ga sókè tàbí ó ti rì láti ìgbà yẹn. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò dá, òun ló sì máa ń ba ìṣirò jẹ́ jù.

Ní àwọn òkun ilẹ̀ olóoru, iyùn ni ẹlẹ́rìí tó dára jù. N kò sọ iyùn pupa tí àwọn ọba àti ìjòyè wa ń fi sọ́rùn o. Òkun Mẹditaréníà ni ìyẹn ti wá. Ìbátan rẹ̀ tó ń kọ́ àpáta sábẹ́ omi ni mò ń bá ọ sọ. Ẹranko kéékèèké ni wọ́n, ẹfun inú omi ni wọ́n fi ń kọ́ ilé. Ewéko tíntìntín ń gbé inú ara wọn, ó sì ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ fún wọn, nítorí náà wọn kò lè jìnnà sí ìmọ́lẹ̀. Ní Caribbean, irú kan wà tí wọ́n ń pè ní Acropora palmata, tí kì í sábà hù níbi tó jìn ju mítà márùn-ún lọ. Bí o bá wá bá òkú rẹ̀ níbi tó ti hù, ní 100 mítà sísàlẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò tó nǹkan mọ́, kí lo máa sọ? Ojú omi ti wà nítòsí ibẹ̀ rí.

Ohun tí Richard Fairbanks, onímọ̀ ilẹ̀ àti òkúta kan, bá ní Barbados, erékùṣù kan ní Caribbean, nìyẹn. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi ẹ̀rọ lu àpáta iyùn tó wà lábẹ́ òkun ní gúúsù erékùṣù náà, wọ́n ń fa òkúta rẹ̀ jáde láti inú páìpù. Ní 1989, wọ́n kéde pé nígbà tí yìnyín ayé pọ̀ jù, ojú òkun fi 121 mítà relẹ̀ sí ti òní, bó bá sì yẹ̀, kò ju mítà márùn-ún sókè tàbí sísàlẹ̀ lọ. Wò ó bí wọ́n ṣe ṣe é: ilẹ̀ Barbados fúnra rẹ̀ ń ga sókè ní nǹkan bí 34 sẹ̀ǹtímítà ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Iyùn tó ti lo 18,000 ọdún níbẹ̀ ti bá ilẹ̀ gòkè ní nǹkan bíi mítà mẹ́fà, mítà mẹ́fà yẹn ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi kún jíjìn tí wọ́n bá a kí ìṣirò tó pé.

Ọjọ́ orí rẹ̀ ńkọ́? Irú kábọ̀n kan tó wà nínú iyùn, tó ń dín kù díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Ní 1990, Edouard Bard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi yuréníọ̀mù wọn àwọn iyùn kan náà. Yuréníọ̀mù wà nínú omi òkun, iyùn sì máa ń fà á mọ́ra bó ṣe ń dàgbà. Tóríọ̀mù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú omi náà. Ṣùgbọ́n yuréníọ̀mù ń di tóríọ̀mù díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n tí kì í yí padà, nítorí náà iye tóríọ̀mù tí a bá bá nínú iyùn ló ń sọ iye ọdún rẹ̀. Àbájáde rẹ̀ ni pé ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, kábọ̀n ti fi ohun tó tó 3,500 ọdún dín ọjọ́ orí iyùn náà kù. Àṣìṣe ọdún tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni iyùn etíkun kan bá gbogbo ayé tún ṣe.

Omi tó kúrò nínú òkun nígbà yẹn ti di yìnyín sórí Kánádà àti àríwá Yúróòpù. Nígbà tí yìnyín náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, òkun kò gòkè ní ìwọ̀n kan náà lọ́dọọdún. Ní 2005, wọ́n lu iyùn etí erékùṣù Tahiti, láàárín òkun Pàsífíìkì. Pierre Deschamps àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2012: ní nǹkan bí 14,600 ọdún sẹ́yìn, òkun fi mítà 14 sí 18 gòkè láàárín ohun tí kò tó 350 ọdún. Ìyẹn ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ lọ́dún kan. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n ṣírò rẹ̀ fún ilẹ̀ pẹrẹsẹ bíi ti Lẹ́kí, kí wọ́n wo ibi tí omi máa dé kí ọmọ tí wọ́n bí lónìí tó pé 20 ọdún. Ẹ̀rù máa ń bà wọ́n. Ó yẹ kó bà wọ́n.

Òkun ti ga ju ti òní lọ rí náà. Ní nǹkan bí 125,000 ọdún sẹ́yìn, ó fi mítà mẹ́fà sí mẹ́sàn-án ga ju báyìí lọ. Òkú iyùn ìgbà yẹn wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ ní Bahamas, ní Seychelles àti ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà. Ní Huon, ní Papua New Guinea, níbi tí ilẹ̀ ti ń ga sókè kíákíá, àpáta iyùn wà ní ìpele-ìpele tó gun orí òkè lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni John Chappell fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó ń yọ ohun tí ilẹ̀ ṣe kúrò lára ohun tí omi ṣe.

Má sì rò pé òkèèrè nìkan ni irú èyí wà. Ní 1962, J. R. L. Allen àti J. W. Wells kọ̀wé nípa òkú àpáta iyùn tó wà nísàlẹ̀ òkun níwájú ibi tí odò Ọya ti ń tú sí òkun. Lónìí, ẹrẹ̀ Ọya kò ní jẹ́ kí iyùn hù níbẹ̀, omi ibẹ̀ sì ti jìn jù. Nígbà tí òkun fà sẹ́yìn, etíkun tiwa yìí fi ohun tó ju 20 kìlómítà lọ jìnnà sí ibi tó wà báyìí. Odò Ọ̀ṣun tó ń tú sí ọ̀sà Lẹ́kí lónìí kò rí ọ̀sà kankan tú sí. Ó gbọ́dọ̀ máa ṣàn gba orí ilẹ̀ tó ti wà lábẹ́ òkun báyìí kó tó bá omi iyọ̀ pàdé.

ÌBÉÈRÈ: Dírẹ́bà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ní Òkèèsà, Iléṣà. Gbogbo òkun ló so mọ́ ara wọn, omi sì máa ń tẹ́ dọ́gba ni. Kí ló dé tí ẹ ní láti lọ sí Barbados àti Tahiti? Ṣé etíkun London kò tó wọ̀n ni?

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ ṣeun. Òkun so mọ́ra lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a dúró lé láti wọ̀n ọ́n kì í dúró lójú kan. Yìnyín tó nípọn ju kìlómítà méjì lọ tẹ ilẹ̀ àríwá mọ́lẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ó ti yọ́ tipẹ́, ilẹ̀ náà sì ń gbéra díẹ̀díẹ̀ di òní, bí ọrùn alárù ṣe máa ń nà nígbà tó bá sọ ẹrù kalẹ̀. Ní àríwá Sweden, ilẹ̀ ṣì ń gòkè ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ́dún, ojú wọn sì ni òkun ṣe ń sá sẹ́yìn fún wọn. Àwọn agbègbè tó yí ibi yìnyín ká wú sókè nígbà náà, wọ́n sì ń rì padà báyìí. Ìhà London wà lára wọn. Ẹni tó bá wọn òkun níbẹ̀, ìṣesí ilẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ ohun tó wọ̀n. Ìdí nìyẹn tí àwọn etíkun ilẹ̀ olóoru fi ṣe pàtàkì: wọ́n jìnnà sí yìnyín.

Síbẹ̀, àwọn náà ní ti wọn. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 6,000 ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ jù nínú yìnyín ayé àtijọ́ ti yọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi nítòsí ìlà tó pín ayé sí méjì, ojú òkun ti fi mítà kan sí mẹ́ta, níbòmíràn jù bẹ́ẹ̀, ga ju ti òní lọ, ó sì wá lọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé yìnyín tuntun kó jọ. Jerry Mitrovica àti Richard Peltier ṣàlàyé rẹ̀ ní 1991: bí ìsàlẹ̀ òkun tó yí ilẹ̀ yìnyín ká ṣe ń rì padà, àyè ń ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, omi ilẹ̀ olóoru sì ń lọ dí i. Àmì rẹ̀ wà lára iyùn kan tó máa ń hù ní etí omi. Kò lè ga ju ibi tí òkun ń fà dé lọ, nítorí pé oòrùn á pa orí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan á máa fẹ̀ síwájú, orí rẹ̀ á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ní Thailand àti ní àwọn erékùṣù Polynesia, òkú irú iyùn bẹ́ẹ̀ wà lókè ibi tí àwọn tó wà láàyè ń dé báyìí. Ní Brazil, tó dojú kọ wa lódìkejì òkun, ìgbín òkun kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ àpáta ló ṣe irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ fún wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú u wàhálà wa o. Ewé àti egbò ni mò ń tà ní ọjà Àtàkúmọ̀sà, Iléṣà. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó lè wà nínú ẹrẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́jọ. Ewé tí mo já lọ́jọ́ Ajé ti ń jẹrà kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ṣé òótọ́ ló sọ?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, ìyá mi, ẹ kú ọjà. Afẹ́fẹ́ àti àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń ba ewé yín jẹ́. Èèpo lẹ́búlẹ́bú òdòdó yàtọ̀. Ó wà lára ohun tó le jù nínú gbogbo ohun tí ewéko ń ṣe. Bó bá rì sínú ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò dé, ó lè má jẹrà láé. Àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò máa ń da ásíìdì tó ń jẹ iyanrìn pàápàá sórí ẹrẹ̀ náà, lẹ́búlẹ́bú náà á sì yè é. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, wọ́n á máa kà á níkọ̀ọ̀kan: ti ọ̀pẹ, ti koríko, ti ẹ̀gbà.

Ẹ̀gbà, ìyẹn igi elégbò gíga tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní mángúrófù, ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ òkun. Ibi tí omi iyọ̀ ń kún tó sì ń fà ló ti ń hù. Bí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ bá pọ̀ gan-an nínú ẹrẹ̀, òkun ń wọlé síbẹ̀ nígbà yẹn. Mo ní kó pọ̀ gan-an, nítorí ó fúyẹ́, afẹ́fẹ́ àti omi sì lè gbé díẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Ọmọ ilẹ̀ wa ló ṣe iṣẹ́ yìí fún wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Ṣówùnmí ti Yunifásítì Ìbàdàn ka lẹ́búlẹ́bú inú ẹrẹ̀ tí wọ́n fà jáde ní Ahanve, lágbègbè Badagry. Ó ti lé ní 8,000 ọdún tí igbó ẹ̀gbà ti wà níbẹ̀. Ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn, ó pòórá. Badagry òní, níbi tí ilà iyanrìn ti dúró láàárín ọ̀sà àti òkun, kò jọ ibẹ̀ mọ́. Òun kan náà ló ti fi hàn ṣáájú, nínú ìwádìí rẹ̀ tó jáde ní 1981, pé lẹ́búlẹ́bú ọ̀pẹ pọ̀ sí i lójijì nínú ẹrẹ̀ ẹnu odò Ọya ní nǹkan bí 2,800 ọdún sẹ́yìn. Èmi ò mọ ìdí tí àwọn ọmọ wa fi ń mọ orúkọ àwọn tó ṣàwárí odò wa, tí wọn kò sì mọ orúkọ obìnrin yìí. Ẹ ní kí ọmọ yín lọ ka iṣẹ́ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ Ìlàjẹ ni mí, láti Ayétòrò, mo ń tún ọ̀kadà ṣe ní Parakin, Ilé-Ifẹ̀. Òkun ti gbé ilé tí wọ́n bí mi sí. Bàbá mi máa ń fi àjẹ̀ ọkọ̀ na ibi tí ilé wa wà tẹ́lẹ̀, inú omi ni. Ẹnì kan níbí sọ fún mi pé kí n má banú jẹ́, pé òkun ti máa ń lọ tó sì ń bọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, pé tó bá yá á padà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú, ọmọ mi. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ lè ní in lọ́kàn láti tù ọ́ nínú, ṣùgbọ́n kò sọ òótọ́.

Òkun ti lọ, ó sì ti bọ̀, bí mo ṣe sọ lókè. Yìnyín tó ń kó jọ tàbí tó ń yọ́ ló ń tì í, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló sì ń gbà. Ohun tó ń tì í lónìí ni epo àti èédú tí ayé ń sun: ó ń mú ayé gbóná, yìnyín ń yọ́, omi òkun fúnra rẹ̀ sì ń wú bó ṣe ń gbóná. Láàárín 1901 àti 2018, òkun àgbáyé fi nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà gòkè, láàárín ọdún 2006 sí 2018 ó sì ń fi ohun tó lé ní mìlímítà mẹ́ta gòkè lọ́dọọdún. Kò sí ohunkóhun nínú èyí tó ní kó padà nígbà ayé rẹ tàbí ti ọmọ rẹ.

Ṣùgbọ́n 20 sẹ̀ǹtímítà nìkan kọ́ ló gbé ilé yín. Ẹrẹ̀ múlọ́múlọ́ ni etíkun yín láti Awóyè dé Mahin, kò ní iyanrìn tó lè gba ìgbì lójú. Irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń fún mọ́ra, ó sì ń rì lábẹ́ ìwúwo ara rẹ̀. Wọ́n tún gbẹ́ kánààlì gba inú igbó omi, omi iyọ̀ gba ibẹ̀ wọlé, igi tí kì í mu iyọ̀ kú, gbòǹgbò tó ń di ilẹ̀ mú sì kú pẹ̀lú wọn. Ohun tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ fà ni ìyẹn. Ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó náà: nígbà tí wọ́n kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu ọ̀nà èbúté láti 1908, iyanrìn tí òkun ń gbé láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etíkun Victoria lódìkejì. Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ lé òkun àtijọ́ lórí ń gbé ẹ̀bi kúrò níbi tó wà.

Ìgbà tí wọ́n tẹ Ayétòrò dó ní 1947, kò sẹ́ni tó wọn bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe ń rì. Nínú ẹrẹ̀ 20 mítà àkọ́kọ́ lábẹ́ rẹ̀ ni ìtàn ẹ̀gbà, ti ìkarahun àti ti omi iyọ̀ yẹn wà, ẹgbẹ̀rún ọdún lórí ẹgbẹ̀rún ọdún, òun ló sì lè sọ fún wa iye tó jẹ́ ti rírì ilẹ̀ àti iye tó jẹ́ ti gígòkè omi. Àwọn tó ń wa epo ń wá ohun tó jìn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún mítà, wọ́n ń gba orí ìtàn yìí kọjá. Mo fẹ́ kí ìjọba wa sanwó láti lu ihò bíi mẹ́wàá sínú ẹrẹ̀ náà láti Badagry dé Mahin, kí wọ́n sì tọ́jú ẹrẹ̀ rẹ̀ sí yunifásítì wa níbí, kí ogiri òkun tí wọ́n máa kọ́ fún yín lè bá ilẹ̀ yín mu. Bí wọ́n bá kọ́ ọ láìmọ ìwọ̀n tí ilẹ̀ ń rì, á bá ilẹ̀ rì ni.

Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe wà. Bá bàbá rẹ wọ ọkọ̀ nígbà tó o bá lọ sílé, kó tún fi àjẹ̀ na ibẹ̀, kó o tan fóònù rẹ, kó o tọ́jú àmì ibi tó wà lórí máàpù. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilé àwọn ará àdúgbò yín tó kù tí àwọn àgbà ṣì lè tọ́ka sí, kó o kọ orúkọ ẹni tó tọ́ka sí i àti ọdún tí wọ́n kó kúrò níbẹ̀. Fọ́tò àtijọ́ tó bá fi etí omi hàn, kọ ọdún rẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kó o sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Èmi fúnra mi ni màá gbé e lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ àti òkúta ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀.